Ìyá wa gbọ́dọ̀ dé Montréal kíákíá: ta ló mọ bí a ṣe lè rí tíkẹ́ẹ̀tì tí owó wa ká?

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Montréal bímọ ní ìjẹta. Oṣù kò tíì pé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un kí wọ́n tó gbé àwọn ọmọ jáde. Ìbejì ni. Àwọn méjèèjì ṣì wà nínú àpótí tó ń mú wọn móoru ní ọsibítù. Ìlérí wa tẹ́lẹ̀ ni pé ìyá wa yóò lọ bá a ní oṣù méjì sí i, nígbà tí àjọ tí mo ń dá bá kàn mí. Físà Kánádà ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù Màmá láti oṣù tó kọjá, nítorí náà ìyẹn kì í ṣe wàhálà wa. Owó ni, àti ọjọ́ tó ń sáré.

Ohun tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì rí kó jọ jẹ́ 750,000 sẹ́fà. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì títí di aago méjì òru. Kútọnu sí Paris sí Montréal, àlọ àtàbọ̀, 1,140,000. Kútọnu sí Casablanca sí Montréal lọ́la, 930,000. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan tó gbéra ní Lomé, tó gba Newark kọjá, ní 705,000. Òun nìkan ni owó wa ká. Mo fẹ́ rà á ní kété tí bánkì bá ṣí. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Yorùbá àti Gùn nìkan ni wọ́n gbọ́, wọn kò sì wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ṣé ẹnì kan ti gba ọ̀nà yẹn rí?

Abiyamọ Montréal · Ọjọ́bọ̀, 6:52 àárọ̀

Má tíì san kọ́bọ̀ o! Òru ni lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọ ló jí mi, ó dára tí mo rí ọ̀rọ̀ yìí.

Newark wà ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá New York. Amẹ́ríkà kò ní ibi tí èrò ti lè bọ́ sílẹ̀ kó tún wọ ọkọ̀ mìíràn láì kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé wọn. Ẹni tó bá gbé pásípọ́ọ̀tù Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ ní físà Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì péré ló fẹ́ lò níbẹ̀. Físà Kánádà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Ní Lomé gan-an ni wọn yóò ti dá Màmá dúró, níwájú tábìlì tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, tíkẹ́ẹ̀tì náà á sì ṣòfò. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ibi tí ọkọ̀ náà ti ń dúró. Iye owó ni mo máa ń wò lẹ́yìn.

Ẹ kú ewu ọmọ. Orí àwọn ìbejì á gbè wọ́n.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 7:05 àárọ̀

Àṣẹ o. Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù Màmá sínú fọ́ọ̀mù náà tán. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Atatíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀rí · Ọjọ́bọ̀, 8:10 àárọ̀

Ẹ kú oríire ìbejì. Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún ọdún mọ́kànlá ní Kútọnu kí n tó padà wálé sí Pobẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú lọ́hùn-ún, kí ẹ má baà fi òru wá ohun tí kò sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí ọjọ́ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ìjókòó ṣì ṣófo, ọlọ́kọ̀ òfurufú á dín owó kù bí ìyá alátà tó fẹ́ palẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjà Wándò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá alátà mọ̀ pé tòmátì òun á rà tó bá sùn. Ọlọ́kọ̀ òfurufú ní tirẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń wá ìjókòó ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìnàjò kò lè ṣe kó má lọ: ó ṣọ̀fọ̀ ni, tàbí wọ́n bímọ, tàbí ọ̀gá rẹ̀ rán an níṣẹ́ tí owó rẹ̀ yóò ti àpò ilé iṣẹ́ wá. Nítorí náà, bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́ ni owó ń gòkè.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, ẹ ó rí lẹ́tà kan níbi tí wọ́n kọ kíláàsì sí. Èèyàn ogóje lè jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kan náà, kí wọ́n jẹ oúnjẹ kan náà, kí iye tí wọ́n san sì yàtọ̀ lọ́nà mẹ́wàá, nítorí lẹ́tà yẹn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye ìjókòó tí wọ́n pín fún un. Èyí tó rọjú jù ló máa ń kọ́kọ́ tán, òun náà ló sì ní òfin jù: kí o rà á ní ọjọ́ 21 tàbí 14 tàbí 7 ṣáájú, kí o sun ọjọ́ báyìí lọ́hùn-ún kí o tó padà, kí àbọ̀ rẹ má kọjá oṣù kan tàbí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń fò sókè lójijì tí ọjọ́ bá ti dín sí méje. Kì í ṣe pé ẹnì kan rí yín lórí fóònù tó sì fowó kún un. Àwọn tó ń ní kí ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ ti wá tẹ́lẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, mi ò rí i rí kí ìyẹn dín sẹ́fà kan kù.

Kí ló wá kù tí ẹ lè yí? Ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ìlú tí ẹ ti máa gbéra, àti ọjọ́ tí Màmá máa padà.

Ọjọ́ àbọ̀ yìí ni àwọn èèyàn kì í rò. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi oṣù mẹ́fà sí i, nítorí oṣù mẹ́fà ni Kánádà sábà máa ń fún àlejò. Ẹ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, kó má kọjá oṣù mẹ́ta, kí ẹ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iye owó náà. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá gba pé kí ẹ yí ọjọ́ àbọ̀ padà, ẹ ka iye tí wọn yóò gbà fún ìyípadà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ro ó pọ̀. Mo ti rí ibi tí ìyẹn ti dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù ní ìdámẹ́rin.

Ẹ sì má ra àlọ nìkan nítorí pé ẹ rò pé yóò dín sí ìdajì. Lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fò láti ọ̀dọ̀ wa, àlọ nìkan lè wọ́n ju àlọ àtàbọ̀ lọ. Wọ́n sì lè bi àlejò léèrè tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wá a: ẹ ṣí Google Flights, níbi ìlú tí ẹ ti ń gbéra, ẹ kọ COO fún Kútọnu, LFW fún Lomé, LOS fún Èkó, ACC fún Accra, gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà á. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí kàlẹ́ńdà rẹ̀, ẹ ó rí iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ yúrò ló kọ, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 656, ẹ ti dé orí sẹ́fà. Ẹ wo Skyscanner náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti rí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ lọ rà á lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ tàbí ní ọ́fíìsì tó ní ìwé àṣẹ ní Kútọnu. Ìrìnàjò kánjúkánjú kì í ṣe ìgbà tí ẹ ó máa wá alágbàtà kan tí kò ní ẹnu ọ̀nà, tí ọkọ̀ bá yí wákàtí padà lóru.

Ọmọ Alákétu · Ọjọ́bọ̀, 9:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Èkó, nítorí èèyàn máa dárúkọ rẹ̀ láìpẹ́.

Kétu ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo gbé, nítorí ìyá mi. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí São Paulo nígbà kan, ọkọ̀ náà dúró ní Frankfurt. Físà Brasil wà lọ́wọ́ mi. Mo ti wọn ẹrù tán kí wọ́n tó bi mí pé físà ìkọjá pápákọ̀ dà. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹni tó gbé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tàbí ti Gánà nílò rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, àní bí kò bá jáde kúrò nínú pápákọ̀. Àwọn tó ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tó ṣì wúlò ni òfin yọ sílẹ̀. Èmi kò ní ìkankan. Mo gbé ẹrù mi padà gba Sẹ̀mẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà kò padà bọ̀, ẹ̀dùn rẹ̀ ṣì wà lára mi dòní.

Ní ti iye owó, Èkó máa ń yí bí ojú ọjọ́. Ní 2022 àti 2023, nígbà tí owó àwọn ilé iṣẹ́ òfurufú há sí Nàìjíríà, wọ́n ti àwọn kíláàsì tó rọjú pa níbẹ̀, àwọn ará Èkó fúnra wọn wá ń gba Kútọnu àti Accra lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún rọ̀. Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí London Gatwick ní 30 oṣù Kẹta 2024, iye owó ọ̀nà London sì wálẹ̀. Nítorí náà ẹ wò ó, ẹ má fi ohun tí ẹnì kan sọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣèpinnu.

Ṣùgbọ́n ẹ gba ibi tí wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ẹ má tẹ̀ lé ọlọ́kadà gba ọ̀nà igbó. Ẹni tó fẹ́ fò jáde láti Ìkẹjà láì ní òǹtẹ̀ ìwọlé á ṣàlàyé títí. Ẹ sì fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀nà náà. Láti Àjàṣẹ́ sí Èkó kò jìnnà lórí máàpù, àmọ́ àwọn ibi àyẹ̀wò tó wà láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì kò sí lórí máàpù.

Fún Màmá tí wọn kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, èmi kò ní gbà á.

Awakọ̀ Ọ̀nà Lomé · Ọjọ́bọ̀, 10:15 àárọ̀

Mo ń gbé èrò lọ Lomé lọ́sẹ̀ méjì méjì. Láti Kútọnu sí ibẹ̀ tó kìlómítà 150, ẹnubodè Hilakọ́njì ló sì lè jẹ ẹ́ ní àkókò. Èrò tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra láàárọ̀, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ sùn sí Lomé. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ẹni méjì, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá Màmá lọ, owó ibùsùn, oúnjẹ, àti ti ìpadàbọ̀ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí ohun tó fi dín ju ti Kútọnu lọ kò bá tó 80,000, ẹ jókòó sílé.

Nǹkan kan tún wà. Mo gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní Lomé nítorí pé ó rọjú, ó sì rí i pé ọkọ̀ náà yóò bà sí Kútọnu kó tó máa lọ. Ó ní òun á kúkú wọ̀ ọ́ ní Kútọnu. Wọn kò gbà á. Tí èèyàn kò bá ti wọ apá àkọ́kọ́, gbogbo ìyókù ti fagi lé nìyẹn, títí kan àbọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 3:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n Atatíkẹ́ẹ̀tì ṣe wí. Ọjọ́ Ajé dípò ọ̀la, àbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, Kútọnu sí Casablanca sí Montréal pẹ̀lú Royal Air Maroc, ìdúró ẹ̀ẹ̀kan péré: 768,000! Láti 930,000! Mo pariwo débi tí aládùúgbò fi wá wò mí.

Káàdì Visa tí mo máa ń kówó sí ni mo fẹ́ fi san. Ó kọ̀ ọ́. Mo pe bánkì, wọ́n ní 500,000 ni káàdì náà lè san lójúmọ́. Kí n tó wá káàdì ẹ̀gbọ́n mi, wákàtí kan ti kọjá, ó ti di 841,000. Mo jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mi ò tíì sọ fún Màmá. Wọ́n ti ń di ẹrù.

Alágbàfọ̀ Ṣábẹ · Ọjọ́bọ̀, 3:41 ọ̀sán

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ní irú wákàtí yìí ni ẹnì kan yóò yọ sí ọ lórí WhatsApp tí yóò ní òun lè gba tíkẹ́ẹ̀tì kan náà fún ọ ní 600,000 nítorí òun mọ ènìyàn nínú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba 540,000 lọ́wọ́ mi. Ó fi ìwé ránṣẹ́ tó ní orúkọ mi, ọjọ́, àti kóòdù onílẹ́tà mẹ́fà. Mo tiẹ̀ yẹ kóòdù náà wò lórí ojú òpó ọlọ́kọ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀! Ọjọ́ kejì tí mo tún wò, kò sí mọ́. Ó fi àyè pa mọ́ fún mi ni, kò ra nǹkan kan.

Ohun tí ẹ máa béèrè ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 13 ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni àmì ọlọ́kọ̀ náà: 147 ni Royal Air Maroc, 057 ni Air France, 071 ni Ethiopian, 235 ni Turkish, 082 ni Brussels Airlines, 459 ni RwandAir. Mo ti mọ̀ wọ́n sórí bíi orúkọ àwọn ọmọ mi. Tí kò bá sí nọ́ńbà 13, ẹ kò tíì ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 3:50 ọ̀sán

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi lóòótọ́! 620,000 ló dárúkọ. Mo ti dínà mọ́ ọn báyìí.

Atatíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀rí · Ọjọ́bọ̀, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Má sọkún. Ìjókòó tó wà ní 768,000 lè padà wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àwọn ọ́fíìsì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lè fi àyè pa mọ́ fún oníbàárà láì tíì gba owó, ẹ̀rọ á sì fún wọn ní wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ san án. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà yẹn kì í padà wá. Tí wákàtí bá pé, ẹ̀rọ á dá ìjókòó náà padà sínú lẹ́tà tó ti wá, olówó pọ́ọ́kú á tún ṣí. Òru ni púpọ̀ nínú wọn máa ń tú sílẹ̀. Nítorí náà mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n wò ó ní kùtùkùtù, kí àwọn yòókù tó jí. Kì í ṣe pé ó dájú. Mo kàn ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni èyí. Ní alẹ́ òní, ẹ kó owó náà pọ̀ sójú kan. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnì kan wà ní Kútọnu nígbà tí ọ́fíìsì bá ń ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú owó tàbí pẹ̀lú MoMo tí ẹ ti béèrè iye tó lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n fi àyè pa mọ́ lórúkọ Màmá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Orúkọ náà, bó ṣe wà ní ìlà méjì ìsàlẹ̀ pásípọ́ọ̀tù ni kó jẹ́, ìlà tí wọ́n fi àmì ọfà kún. Àwọn ìyá wa máa ń ní orúkọ bàbá níbì kan, orúkọ ọkọ níbòmíràn. Orúkọ tó yàtọ̀ lè ná yín ní owó tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ọmọ Odò Paris · Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Ará Ṣàkétẹ́ ni mí, Paris ni mo ń gbé. Tí ọ̀la bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo ní máìlì Flying Blue, ìyẹn àmì tí Air France àti KLM ń fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ wọn, tí mo ti kó jọ láti ọdún pípẹ́, mo sì lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ ẹlòmíràn. Ẹni tó ń wá ìjókòó kánjúkánjú, ó yẹ kó béèrè káàkiri ẹbí rẹ̀ tó wà lókè òkun bóyá máìlì wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò lò. Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀nà yẹn ni mo fi dé ilé kí wọ́n tó sin wọ́n. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn kọjá agbára mi, owó orí àti owó epo nìkan ni mo san.

Má sì gbìyànjú láti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, Kútọnu sí Paris, kí o tún wá ra Paris sí Montréal lọ́dọ̀ àwọn tó rọjú. Màmá gbọ́dọ̀ jáde gba ẹrù wọn kí wọ́n tó tún wọlé, ìyẹn sì ń fẹ́ físà Schengen. Yúrò 90 ni wọ́n ń gbà fún un láti oṣù Kẹfà 2024, nǹkan bíi 59,000 sẹ́fà, àti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ kò ní. Tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, ọlọ́kọ̀ kejì kò jẹ yín ní gbèsè kankan.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 10:48 àárọ̀

Ó ti bọ́ sí i! Ó ti bọ́ sí i o! Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo wò ó, 768,000 tún ti yọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wà lójú ọ̀nà Kútọnu nígbà yẹn. Òun ni ẹni kejì tó wọ ọ́fíìsì. Wọ́n fi àyè pa mọ́, a ka owó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nọ́ńbà 13, 147 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù.

18,000 tó kù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àkàrà ní Àjínà ló yọ ọ́ nínú owó ẹ̀wà. Ó ní òun á ra ẹ̀wà lẹ́yìn.

Màmá ń lọ ní ọjọ́ Ajé. Kí ló kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣe?

Abiyamọ Montréal · Ọjọ́ Ẹtì, 11:30 àárọ̀

Ọlọ́run ṣeun. Kọ̀wé lónìí sí ilé iṣẹ́ náà pé Màmá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ àga. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ kí o sọ fún wọn ní wákàtí 48 ṣáájú. Kò dìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń dun èèyàn. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà ni yóò mú wọn dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kejì ní Casablanca, wọn kò ní ka pátákó kankan. Kọ ọ́ sórí bébà ní Faransé: orúkọ Màmá, ibi tí wọ́n ń lọ, nọ́ńbà fóònù ọmọ wọn, àdírẹ́sì Montréal. Kí wọ́n fi kọ́ ọrùn pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù.

Wo iye ẹrù tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀kan ni tàbí méjì, kìlómélòó. Má gbà pé méjì ni nítorí pé méjì ni wọ́n fún ẹlòmíràn. Tí Màmá bá di èlùbọ́, ata gígún àti ẹja gbígbẹ, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún aṣọ́bodè Kánádà. Ohun tí o bá sọ, bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o bá fi pa mọ́ ni wọ́n ń gba owó ìtanràn lé lórí. Wàrà Ṣábẹ, ẹ fi sílẹ̀ sílé.

Ọmọ Alákétu · Ọjọ́ Ẹtì, 12:10 ọ̀sán

Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́njú ńkọ́? Àwọn tiwa á béèrè rẹ̀ nígbà tí Màmá bá ń wọlé padà. Ẹni tí kò bá ní, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ kì í parí mọ́ láti oṣù Keje 2016, títí ayé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí i. Kò sí ìdí láti tún un gbà.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 12:25 ọ̀sán

Wọ́n ní i, wọ́n gbà á nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ Mẹ́kà ní 2014, ìrìnàjò tí kò bọ́ sí i. Mo ti rò pé ó ti kú. Ẹ ṣé.

Aya Oníṣòwò · Ọjọ́ Àìkú, 7:15 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Tèmi ni Lyon, èmi àti ọmọ méjì, a ní físà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tí mo bá kọ ẹni mẹ́ta sí i, owó náà ń ga ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹni tó ń lọ ní òun nìkan rí lọ. Kí ló fà á?

Atatíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀rí · Ọjọ́ Àìkú, 8:00 alẹ́

Tí ìjókòó méjì péré bá kù nínú lẹ́tà tó rọjú, tí ẹ sì béèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á gbé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí lẹ́tà tó wọ́n. Ẹ wá a fún ẹnì kan, kí ẹ tún wá a fún méjì. Tó bá rí bí mo ṣe wí, ẹ ní kí ọ́fíìsì ra ẹ̀yin àti ọmọ kan pọ̀ ní lẹ́tà tó rọjú, kí wọ́n ra ọmọ kejì lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé méjèèjì pé ẹ jọ ń lọ ni. Tí ọmọ náà bá kéré, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe lórí fóònù, nítorí ẹ̀rọ kì í fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọdé tí kò ní àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìwé àṣẹ bàbá wọn náà, tó bá jẹ́ pé kò ní bá yín lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:37 alẹ́

Màmá ti dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ti kẹ̀kẹ́ wọn ní Casablanca, wọ́n ní ó fún wọn ní tíì. Láti pápákọ̀ ni wọ́n ti ní kí àna wa gbé wọn lọ tààrà sí ọsibítù, wọn kò jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹrù sílé. Níbẹ̀, wọ́n ní kí Màmá fọ ọwọ́ dáadáa, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú àpótí náà. Táyé di ìka wọn mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Àbúrò mi pè mí, kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun.

Aya Oníṣòwò, ẹ sọ bí tiyín bá ṣe rí. Màá jí ní aago márùn-ún bá yín wò ó.

Aya Oníṣòwò · Ọjọ́rú, 6:02 àárọ̀

Ìjókòó méjì tó rọjú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti wọ táksí, ó di Kútọnu.